Dúró Ládípọ̀: Ẹni tó sọ ilé ọtí di ilé ọnà

Ilé ìlagi kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń la igi ṣì wà lábẹ́ òrùlé páànù, ṣùgbọ́n ó ti dípẹtà, koríko sì ti hù bo àwọn gẹdú tí kò sẹ́ni tó wá kó. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ó sọ fún mi pé ọmọ Ìlobùú ló máa ń di igi mú lápá kan, ọmọ Ifọ́n a dì í mú lápá kejì, ayùn á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ ti tú wọn ká, kò sẹ́ni tó padà wá tan ẹ̀rọ náà.

Ìlobùú ni bàbá mi ti wá, Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni ìyá mi ti wá. Ẹni tó bá mọ àgbègbè wa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò fúyẹ́ lẹ́nu. Ìlú méjèèjì fara kanra, wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n jọ ń fẹ́ra wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti sun ilé, ẹ̀mí ti bọ́, ìjọba sì ti kéde kónílé-ó-gbélé. N kò wá dá ẹjọ́ níhìn-ín, nítorí ẹni tí bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀tún tí ìyá rẹ̀ wà ní òsì kò lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn: kí ni ènìyàn lè fi ibi tó ti kú ṣe?

Lóde òní, ìdáhùn kan ti gbilẹ̀ káàkiri ayé: ẹ kó àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ síbẹ̀, ẹ fún wọn ní yàrá àti àkókò, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ìlú Essen ní Jámánì, ibi ìwakùsà èédú Zollverein kógbá sílé ní 1986. Ilé tí àwọn awakùsà ti máa ń wẹ eruku èédú kúrò lára níbẹ̀ ti di ibi tí àwọn oníjó ń gbé láti dá eré tuntun sílẹ̀. Ní Èkó, nígbà tí wọ́n ṣe Lagos Biennial àkọ́kọ́ ní 2017, inú àká ọkọ̀ ojú irin tí wọn kò lò mọ́ ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ọnà sí. Ní Òṣogbo tiwa, iléeṣẹ́ irin tí ìjọba kọ́ ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníkálukú sì ń dábàá ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ará Essen tó ronú irú rẹ̀, tíṣà kan ní Òṣogbo ti ṣe é. Ìrìn kúkúrú ni nínú ọkọ̀ láti Ìlobùú dé ilé rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Dúró Ládípọ̀.

Ọmọ tí wọ́n bẹ̀ pé kó dúró

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Ọjọ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ fún ìbí rẹ̀ ni 18 oṣù Kejìlá ọdún 1931. Joseph Òní Ládípọ̀ ni bàbá rẹ̀, Dorcas Àjíkẹ́ ni ìyá rẹ̀. Wọ́n gbà pé àbíkú ni, ọmọ tó ti wá tó sì ti padà rí, wọ́n sì fi orúkọ bẹ̀ ẹ́: Dúródọlá, Dúróoríkẹ́. Gbogbo àwa tí a ti jókòó ní kíláàsì mofọ́lọ́jì mọ̀ pé gbólóhùn odindi ni ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá. Nínú orúkọ méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀ ìṣe ló ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ ló sì jẹ́: dúró de ọlá, dúró kí o rí ìkẹ́. Ẹ̀bẹ̀ náà ni ayé wá fi ń pè é títí ó fi kú.

Ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun rìn lójú ọ̀nà Kristi láìyẹsẹ̀. Ọmọ náà ń gbọ́ orin ìjọ nílé, àmọ́ bí ọdún ìbílẹ̀ bá dé, a máa yọ́ jáde lọ wòran. Ó gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbà ìdílé tí kò tí ì fi ìṣe àtijọ́ sílẹ̀. Ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún, ibẹ̀ ló sì ti ń bá wọn ṣe eré ilé-ìwé láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ó gbé lọ́dọ̀ àlùfáà kan ní Ọ̀tan Ayégbajú, ó ṣe tíṣà ní Iléṣà, ó sì ṣe é dé Kàdúná. Ní Kàdúná ló ti tún eré Shakespeare kan, As You Like It, tò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ibi gbogbo tó bá dé ló ti ń kó ènìyàn jọ ṣe eré.

Ìlù nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tó padà sí Òṣogbo, iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe. Ó tún ń kọ orin fún ìjọ, ó sì ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ṣe àkójọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints, ó sì gbé ìlù dùndún wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ bínú. Lójú wọn, ìlù abọ̀rìṣà ni, kò sì gbọdọ̀ dún níwájú pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ẹ̀kọ́ wa wo ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Bí a bá mú ohùn orin tí wọ́n kọ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a wá to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí, ohùn òkè lè bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìtumọ̀ á sì dàrú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn baba wa fi kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti dùndún, ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá gbé dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì ń dá ohùn èdè padà fún àwọn tó ń kọrin, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. Mo rò pé Dúró mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ìjọ kò gba ìlù rẹ̀, ó wá ibòmíràn lọ. Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ibí yìí ni ìlú bàbá mi ti wọ inú ìtàn náà. Kí Beier tó dé Òṣogbo, òun àti ìyàwó rẹ̀ ìgbà náà, Susanne Wenger, ọmọ Austria, ti gbé ní Ẹdẹ, wọ́n sì gbé ní Ìlobùú ní àwọn ọdún 1950. Ní Ìlobùú, lágbègbè odò Ẹrinlẹ̀, wọ́n rí i bí ìlù, oríkì, ère àti ìsìn ṣe ń gbé pọ̀ nínú agboolé kan. Ní ọdún 1961, orin Kérésìmesì tí Dúró kọ di ohun tí wọ́n gbọ́ ní ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn, láìsí àgbà ìjọ tó ní kí ìlù dákẹ́.

Orúkọ tí Òṣogbo tún pè

Ẹgbẹ́ Mbari yìí jẹ́ ti àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán. Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti Ezekiel Mphahlele wà lára wọn. Ọgbà ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì kan ni wọ́n sọ di ojú agbo. Èdè Ìgbò ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ní agbègbè Owerri, mbari ni ilé amọ̀ tó kún fún ère tí ìlú ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá yàn láti kọ́ ọ yóò ya ara wọn sọ́tọ̀ lẹ́yìn ọgbà fún oṣù púpọ̀, wọn yóò máa gbé ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣí i tán, wọn kò ní tún un ṣe mọ́. Wọn á jẹ́ kí òjò wó o. Kíkọ́ rẹ̀ papọ̀ ni ẹbọ náà. Ẹ ò rí i pé kí oníṣẹ́ ọnà lọ gbé ibì kan láti ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó.

Dúró wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ìbàdàn, ó ní kí irú rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Kò dúró de owó ìjọba, kò sì kọ́ ilé tuntun. Ilé ọtí rẹ̀ ló yọ̀ǹda. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, Popular Bar di ilé eré, ilé àwòrán àti ibi ìpàdé. Ìlú kan tí ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ̀ láti 1907, tí èrò ọjà àti òṣìṣẹ́ rélùwéè kún inú rẹ̀, wá ní ibi tí ẹnikẹ́ni lè yà sí láti wo àwòrán láìsan kọ́bọ̀.

Ará ìlú gbọ́ Mbari, kò nítumọ̀ létí wọn, wọ́n bá fún un ní ìtumọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn bá ní òun ì bá rí nǹkan, wọ́n sì fi ìdajì kejì kún un: M̀bárí M̀bayọ̀. Bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Ẹ wo bó ṣe bá gírámà wa mu: kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù ló ṣáájú, ó di /m/ nítorí /b/ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ Ìgbò sì di gbólóhùn Yorùbá láìyí ìró kan padà. Nínú gbogbo ìtàn Dúró, ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣe ìpàdé lórí orúkọ náà. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọgbà náà fún ni wọ́n fi ẹnu ara wọn gbà á. Níbi tí ará ìlú kò bá ti fún ilé ọnà lórúkọ, àlejò ló máa ń ni ín.

Eré tí wọ́n fi ṣí ilé náà ni Ọba Mọ́rọ̀. Dúró rí ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ. Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìlú padà láti Ìgbòho lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé tó ti dahoro. Àwọn ìjòyè tí ibùgbé tuntun ti rọ̀ lọ́rùn kò fẹ́. Wọ́n ṣètò àwọn arọ, abuké àti àfín pé kí wọ́n lọ máa ṣe bí iwin lórí ahoro náà lóru. Ọba fura, ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì kó àwọn iwin náà wálé. Bó ṣe di Ọba-tó-mú-ọ̀rọ̀ nìyẹn, tí ìpàrójẹ sọ di Ọba Mọ́rọ̀. N kò mọ eré mìíràn tó yẹ kí wọ́n fi ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù ba ìlú níbi tó ti dahoro, ènìyàn ni, ènìyàn tó ń jèrè nínú ahoro náà ló sì rán wọn.

Àwọn tó wọlé

Ní 1962 àti 1963, Denis Williams, ayàwòrán láti Guyana, wá darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní M̀bárí M̀bayọ̀. Ní 1964, Georgina Beier darí òmíràn. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà àti páálí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa yà á. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ eré Dúró fúnra rẹ̀. Rufus Ògúndélé, Múráínà Oyèlámì àti Tìjání Máyákìrí jẹ́ òṣèré. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná mànàmáná lórí ìtàgé. Òun ló wá di ẹni tí ayé mọ̀ sí àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Oníjó ni Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, nígbà tó ya M̀bárí M̀bayọ̀. Ní 2005, UNESCO fi oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà dá a lọ́lá.

Òwò ọwọ́ náà yí padà nígboro. Alágbẹ̀dẹ ni Àṣírù Ọlátúndé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu bàbà àti alumíníọ́mù di àwòrán ìtàn. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di pé ó ń fi símẹ́ǹtì dárà; ọnà rẹ̀ wà lára ilé epo Esso kan ní Òṣogbo. Òun náà wà lára àwọn tó bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, tó wọ àkójọ ogún àgbáyé UNESCO ní 2005. Ẹ kíyè sí i: wọn kò lé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kúrò kí àwọn ayàwòrán tó ráyè. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ni wọ́n di ayàwòrán.

Kì í ṣe gbogbo ẹnu ló yìn wọ́n. Àwọn kan ní ojú àlejò ni wọ́n fi ń ya àwòrán, àwọn mìíràn ní ọjà àwọn arìnrìn-àjò ló ń darí ọwọ́ wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí bí ọjà bá gbóná, àdàkọ a máa pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé bí kò bá sí ilé náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì bá tí di búrọ́ọ̀ṣì mú rí.

Ọba Kò So

Eré tó gbé Dúró kiri ayé ni Ọba Kò So, tó jáde ní 1963. Ó lọ jókòó ti àwọn oníṢàngó, ó kọ́ Ṣàngó pípè àti bàtá, kò sì fi orin ìjọ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó. Abíọ́dún, aya rẹ̀, ṣe Ọya. Wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní 1964 àti sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ọba Wàjà jáde ní 1964, Mọremí náà tẹ̀ lé e. Robert Armstrong àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gbọ́ Ọba Kò So láti inú téèpù, wọ́n dà á kọ tohùn-tohùn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí èdè ewì ìbílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìtàn eré náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìlobùú tàbí Ifọ́n. Jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà, ń da ìlú láàmú. Ṣàngó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, aládùúgbò wa, pé kó lọ ṣọ́ ààlà. Nígbà tí Tìmì lágbára níbẹ̀, ọba rán Gbọ̀nkáà sí i. Gbọ̀nkáà mú un wá, ọba sì ní kí wọ́n tún bá ara wọn jà lójú gbogbo ayé. Tìmì kú, ṣùgbọ́n ìjà kò tán. Gbọ̀nkáà kọjú sí ọba fúnra rẹ̀, ọba fi ìbínú pa àwọn ènìyàn tirẹ̀, ìlú kọ̀ ọ́, Ọya pàápàá padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tó ti kú tán ni wọ́n sọ pé ọba kò so. Mo ti ka eré yìí fún ìdánwò rí. Lẹ́yìn tí mo rí ilé tó jóná lójú ọ̀nà ilé ìyá mi, mo tún un kà, ó sì di ìwé mìíràn lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fi ọmọ ìyá méjì jà ní ààlà, kò ní rí ilé gbé nígbẹ̀yìn.

Ohun tó ṣẹ́kù

Ulli Beier kúrò ní Nàìjíríà nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 1966 ń gbóná. Dúró kò kúrò. Ó ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, ó sì ń ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Lérè Páímọ́ àti àwọn mìíràn ti jáde lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ní 11 oṣù Kẹta ọdún 1978, Dúró kú. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta bí a bá fi 1931 kà á. Ọdún mẹ́rìndínlógún géérégé, nínú oṣù kan náà, ni wọ́n ti ṣí M̀bárí M̀bayọ̀. Abíọ́dún kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà kú, ṣùgbọ́n ilé ọnà tó wà ní Òṣogbo kò tún rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilé nìkan kò lè dá wà. Ó fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn láràárọ̀.

Nítorí náà, n kò ní purọ́ fún yín pé ìlù lè parí ẹjọ́ ilẹ̀. Ọba Kò So kò dá ogun kankan dúró. Àwọn tí ilé wọn jóná nílò ilé, àwọn tí èèyàn wọn kú nílò ìdájọ́, ẹni tó bá sì gbé ayàwòrán síbẹ̀ láti fi bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ ń ṣe ohun tí Dúró kò ṣe. Ohun tí Dúró ṣe kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ibì kan, ó ṣí i, kò sì béèrè ẹni tó bí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Ilé ìlagi yẹn wà níbẹ̀. Mo bi àbúrò ìyá mi bóyá ẹni tó ni ín lè gbà kí wọ́n lò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ní ta ló fẹ́ wá sí irú ibẹ̀, ibẹ̀ ń dẹ́rù bani. Mo rántí àwọn iwin Ọ̀yọ́ Ilé. Ètò tí mo ní kò tóbi. Nínú ìsinmi tó ń bọ̀, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì nínú ẹ̀ka wa fẹ́ gba oríkì ìlú méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, oríkì Olóbùú àti ti Olúfọ́n, kí a kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá fún wa láyè, a ó ní kí onílù láti ìlú kọ̀ọ̀kan wá lu ti ìlú kejì lábẹ́ òrùlé páànù yẹn. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ jẹ́ ọmọ àgbègbè náà, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ bá wa dá sí i. A nílò ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, a nílò owó ọkọ̀ àwọn onílù, a sì nílò àwọn àgbà tí yóò bá wa sọ̀rọ̀ ní ààfin méjèèjì. Ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yìí, wọn yóò fi yín mọ̀ mí.